Kí Àáyá Tó Ṣẹ́jú

Bí ẹ bá ń wa mọ́tò bọ̀ láti Katy wọ Houston lọ́dún 1987, tí mọ́tò pupa kan sì já gba iwájú yín kọjá láìtanná, ẹ má ṣépè. Ẹ kàn wo nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá bá “0 SEC” níbẹ̀, ẹ ti ṣoríire, ẹ ti fojú kan Èǹjìníà Ẹkúndayọ̀. Ó sanwó kí ìjọba Texas tó kọ nǹkan yẹn fún un. Ó ní àwọn kan ń kọ orúkọ bàbá wọn sẹ́yìn mọ́tò, òun kọ ohun tí bàbá òun kò lè ṣe.

Kí ni 0 SEC? Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí bí òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í là á, ilẹ̀ á ṣú. Àwọn baba wa tí wọ́n ń wá orúkọ fún àkókò tó kéré jù lọ, ojú àáyá ni wọ́n wò. Àáyá ń ṣẹ́jú wéréwéré lórí igi, ni a bá ń pe sẹ́kọ́ǹdù ní ìṣẹ́jú àáyá. Ó tó àwọn baba wa. Kò tó Ẹkúndayọ̀. Ó ní ètò tí òun ń kọ sínú kọ̀ǹpútà máa ń bẹ̀rẹ̀, á ṣiṣẹ́, á sì parí, kí àáyá tó ronú àtiṣẹ́jú. Ó ní òun ti fi aago inú ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, òdo ni aago pè é. Kì í ṣe díẹ̀, kì í ṣe táṣẹ́rẹ́. Òdo gbáko.

Bí ó ṣe di Àáyá-ò-gbọdọ̀-ṣẹ́jú nìyẹn, Afòdo-ṣọlá, Ọkọ Kọ̀ǹpútà, Èǹjìníà tí í dé kí ó tó gbéra. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ki ara rẹ̀, àwa kàn ń gbè é ni.

Yorùbá ní òdo, a ní odó, a sì ní odò. Òdo ló wà lórí bébà rẹ̀. Odó ló wà lọ́rùn rẹ̀ níbi tí orí yẹ kó wà. Odò sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ń wọ́ lọ, àfi òun nìkan ni kò gbọ́ híhó omi.

Wùmí ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì ni Wùmí, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí ó bá wo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí òdo náà.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Ẹkúndayọ̀ wà nínú gáréèjì, níwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ń tan lẹ́tà aláwọ̀ ewé. Wùmí gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá wá fún un, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó ní, “Rárá.” Ó tún tẹ̀ ẹ́. “Rárá.” Ó tún tẹ̀ ẹ́. “Rárá o, a kò rán ẹ níṣẹ́ yẹn.” Ẹ̀bà ti ń tutù. Ó tún tẹ̀ ẹ́ títí, ni ó bá fò sókè.

“Òdo! Ògo! Halelúyà! Wùmí, ọkọ ẹ ti ṣe é!”

“Ẹ kú oríire o, Daddy Ọmọ́bọ́lá. Àwọn tẹ́ ẹ ní rárá sí ńkọ́?”

“Àwọn wo?”

“Àwọn tó wá ṣáájú.”

“Ẹ̀rọ kò tíì gbóná nígbà yẹn.”

“Ó ti wá gbóná báyìí. Tẹ́ ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?”

“Kí n tún tẹ̀ ẹ́ ṣe kí ni? Ẹni tó ti yege ìdánwò, ṣé ó tún ń padà lọ jókòó ìdánwò ni?” Ó sì pa ẹ̀rọ náà kíá, bí ẹni tó ń dé ìkòkò kí eṣinṣin má bàa kó sí i.

Bí iṣu ẹni bá ta, ṣe là ń fọwọ́ bò ó jẹ. Ẹkúndayọ̀ kò fọwọ́ bo nǹkan kan. Ó tẹ òdo náà jáde lórí bébà, ó fi férémù wúrà sí i, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìgbéyàwó wọn. Nígbà tó yá, ó yọ àwòrán ìgbéyàwó, ó ní ó ń fa ojú àlejò kúrò lára òdo. Wùmí nu eruku kúrò lára àwòrán náà, ó tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ aṣọ rẹ̀ nínú dùrọ́ọ̀.

Òdo yìí ì bá wà lára ògiri, kó máa pa wá lẹ́rìn-ín lásán, bí kì í bá ṣe ti Dókítà Mojọlá. Dókítà ọkàn ni, ìjọ Aládùúrà kan náà ni wọ́n jọ ń lọ, ó sì fẹ́ ṣí ilé ìwòsàn sí Richmond. Ó ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń so okùn rẹ̀ mọ́ àyà aláìsàn, tí ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Ohun tó kù ni ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa gba ohun tí ẹ̀rọ yẹn bá kà, tí yóò sì lu agogo kíá tí ọkàn bá ṣìṣe. Ẹni méjì ló ní àwọn ní irú rẹ̀. Ọ̀kan ni Ẹkúndayọ̀. Èkejì ni Láńre, àbúrò rẹ̀ níléèwé, tí ilé iṣẹ́ epo kan dá dúró nígbà tí epo ò níyì lọ́jà mọ́.

Aláìsàn tí wọ́n sì máa kọ́kọ́ so okùn náà mọ́, Bàbá Wùmí ni. Ìlá Ọ̀ràngún ni Bàbá ti wá kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn, kó tó di pé ọkàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Á lù, á fo ọ̀kan, á tún lù, bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Bàbá fúnra wọn ń fi ṣàwàdà, wọ́n ní ọkàn àwọn ń jó ijó òyìnbó. Wùmí kì í rẹ́rìn-ín sí àwàdà yẹn. Ẹ̀rù ń bà á. Agogo tí ọkọ rẹ̀ bá kọ ni yóò máa ṣọ́ bàbá rẹ̀, bí agogo yẹn bá sì pẹ́ kó tó dún, bàbá rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ẹkúndayọ̀ ní tirẹ̀ ti tẹ káàdì tuntun. “Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Ètò Kọ̀ǹpútà fún Ọkàn Gbogbo Ènìyàn.” Ó pín in ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó pín in ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Deer Park, ó fún ọlọ́pàá tó dá a dúró lójú títì ní méjì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Láńre wá bá a nílé. Ó kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó jókòó, ó wo férémù lára ògiri.

“Ẹ̀gbọ́n, òdo yìí ló gbé mi wá. Aago inú ẹ̀rọ yẹn kì í lajú sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà o. Ó ń là á, ó ń pa á dé. Bí iṣẹ́ yín bá bẹ̀rẹ̀ tó sì parí nígbà tó pajú dé, á ní òun ò rí nǹkan kan. Òdo tó ń pè yẹn nìyẹn.”

“Ṣé o rí i báyìí? Iṣẹ́ mi yára ju ojú aago lọ!”

“Kò yára, ẹ̀gbọ́n. Aago ló lọ́ra.”

“Láńre.”

“Sà.”

“Ṣé aago bàbá ẹ ni?”

Láńre rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ gbọ́. Tẹ́ ẹ bá gbé hóró ìrẹsì kan sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò ìrẹsì, ọwọ́ rẹ̀ ò ní mì. Ṣé ìrẹsì yẹn ò wúwo ni? Ẹ ka ẹgbẹ̀rún hóró sí i, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ wá pín in. Bẹ́ẹ̀ náà ni ká ṣe program yín. Ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ yẹn lẹ́gbẹ̀rún ìgbà, ká mọ iye tó ń gbà gan-an.”

Ẹkúndayọ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Wùmí! Wá gbọ́ o! Mo ń sọ computer, ó ń bá mi sọ ìrẹsì. Ebi ló ń pa á. Bá mi fún un lóúnjẹ.”

Fóònù dún, ó lọ gbé e. Wùmí gbé oúnjẹ wá fún Láńre lóòótọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

“Láńre, má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ fún mi. Tó bá fi díẹ̀ ju òdo lọ, kí ló máa ṣe Bàbá mi?”

“Anti Wùmí, ẹ̀rọ àyà yẹn kì í sinmi, lemọ́lemọ́ ló ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ẹ wò ó bí ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Táwọn àlejò bá ń wọlé ní mẹ́rin-mẹ́rin, tí ẹni tó ń bu oúnjẹ wá ń bu abọ́ kọ̀ọ̀kan, ṣé ìlà ò ní máa gùn? Ohun tí ọkàn Bàbá bá ṣe láàárọ̀, ó lè dọ̀sán kó tó kàn án.”

“Agogo ńkọ́?”

“Agogo á dún o. Wọ́n lè ti máa gbẹ́lẹ̀ nígbà yẹn.”

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Wùmí.

Nígbà tí Láńre lọ tán, ó bẹ ọkọ rẹ̀. “Daddy Ọmọ́bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Láńre bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí Bàbá mi.”

“Ìlara ló ń ṣe é. Ìwọ máa ṣe nọ́ọ̀sì ẹ, kí n máa ṣe kọ̀ǹpútà mi.”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ní kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́.”

“Wùmí, má bà mí lórí jẹ́. Mo ń ronú ibi tí wọ́n máa kọ́ àwòrán mi sí nínú ilé ìwòsàn yẹn.”

Ọ̀rọ̀ wá di ti ìyá tó pọnmọ sẹ́yìn tó ru omi sórí. Bí Wùmí bá dákẹ́, bàbá rẹ̀ ń bẹ lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá dìde láwùjọ tó ní irọ́ ni ọkọ òun ń pa, gbogbo Houston á ní obìnrin yìí tú ọkọ rẹ̀ fó. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti bá Ẹkúndayọ̀ gbé pẹ́ tó láti mọ ohun kan: ọkùnrin yẹn kò ní gba ìmọ̀ràn láyé, àmọ́ bí ẹ bá yìn ín, ó lè kó wọ inú iná.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí ilé ìwòsàn pé. Ọjọ́ Ìsinmi ni, lẹ́yìn ìsìn. Àwọn ìjọ tò wá sí Richmond pẹ̀lú sùtánà funfun wọn, Àpọ́sítélì síwájú. Ìrẹsì àti adìẹ díndín wà nínú kúlà ńláńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òórùn wọn sì ti gba gbogbo ilé. Nínú oòrùn Texas, kóòtù onípele mẹ́ta ni Ẹkúndayọ̀ wọ̀, pẹ̀lú táì, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, ó gbé férémù wá, ó fi aṣọ funfun bo férémù bí ẹni bo ìyàwó tuntun. Bàbá Wùmí ti dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn ṣí sílẹ̀, wọ́n ń juwọ́ sí gbogbo ẹni tó ń wọlé.

Láńre ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Program tèmi ń gba àkókò. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbà á. Mo mú kó ṣe é nígbà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, mo wá pín in. Ọkàn èèyàn ò lè sáré fi í sílẹ̀.”

“Ó ń gba àkókò kẹ̀?” obìnrin kan níwájú bi ẹnìkejì rẹ̀. “Nígbà tí ti ẹlòmíràn ò gba nǹkan kan?”

Ẹkúndayọ̀ dìde. Ó yọ aṣọ funfun náà díẹ̀díẹ̀.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ rí?”

“Òdo!”

“Mi ò gbọ́ yín!”

“Òdo!!”

Ariwo sọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé nílẹ̀ Yorùbá, kò tíì sí ẹni tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún torí pé ó gba òdo. Ẹkúndayọ̀ ni àkọ́kọ́. Ó tẹrí ba lọ́tùn-ún, ó tẹrí ba lósì, ó tẹrí ba sí ògiri níbi tí kò sí ènìyàn.

“Bó bá rí bẹ́ẹ̀,” Dókítà Mojọlá sọ, “kí la tún ń wá? Nọ́ọ̀sì, ẹ so okùn mọ́ Bàbá.”

Àpọ́sítélì ní àmín. Wùmí mú okùn. Ó wo àyà bàbá rẹ̀ tó ń sọ kúlúkúlú lábẹ́ irun funfun, ó wo ọkọ rẹ̀ tó ń nu òógùn ògo. Ni ó bá yíjú padà, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú Ẹkúndayọ̀ tòun ti okùn, ó sì gbé ohùn sókè.

“Ẹkúndayọ̀! Àáyá-ò-gbọdọ̀-ṣẹ́jú! Ọkọ mi, ọkọ kọ̀ǹpútà! Àṣá rí i, ó ní òun á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò! Mànàmáná rí i, ó yà fún un lọ́nà! Ẹ̀yin ìjọ, ohun tó dára, ṣé ẹ̀ẹ̀kan là ń wò ó?”

“Rárá o!”

“Ṣé inú férémù la ti ń wo ọba?”

“Rárá!”

“Ọkọ mi, ẹ dákun, ẹ tẹ̀ ẹ́ lójú wa. Kí Bàbá mi fojú ara wọn rí òdo yẹn, kí wọ́n tó fọkàn wọn lé e lọ́wọ́.”

“Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́!” gbogbo ilé dáhùn.

Ẹkúndayọ̀ wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Ọkùnrin tó kọ̀ láti tún un tẹ̀ nínú gáréèjì, tí ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, ó ká ọwọ́ kóòtù sókè. Ó tẹ bọ́tìnnì.

“Zero point zero five,” Dókítà Mojọlá kà á jáde. “Kì í ṣe òdo nìyí.”

“Ẹ̀rọ ò tíì gbóná.” Ó tún tẹ̀ ẹ́.

“Zero point zero five.”

“Iná ilé yìí ló ń ṣe ségesège.”

Bàbá gbórí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. “Ṣé NEPA wà níbí náà ni?”

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Òdo! Ó fò sókè, àwọn kan bá a fò. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹrin láti fi dáwọ̀ọ́ ìdùnnú, point zero five tún jáde. Ariwo lọ sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, bí ẹni tó ń wo ẹni tí ń ta tẹ́tẹ́.

“Láńre,” Dókítà Mojọlá sọ, “èwo ni ká gbà gbọ́ níbẹ̀?”

“Kò sí ìkankan, Dókítà. Ojú aago yẹn ló ń là tó ń pa dé. Ẹ jẹ́ kó ṣe é lẹ́gbẹ̀rún ìgbà láìdúró, ká wá pín in.”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí Ẹkúndayọ̀ bá dákẹ́ níbí yìí, bóyá ẹgbẹ̀rún náà ni wọn ì bá ṣe, kó fìtìjú díẹ̀ lọ ilé. Ṣùgbọ́n oríkì ṣì ń dún létí rẹ̀.

“Ẹgbẹ̀rún?” ó ní. “Ẹgbẹ̀rún ni tàwọn ọmọdé. Mílíọ̀nù kan ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣe! Ẹ̀yin ìjọ, òdo lọ́nà mílíọ̀nù kan, kí ni?”

“Òdo!”

“Ẹ ṣeun, ọ̀mọ̀wé ni yín. Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan oúnjẹ o! Kẹ́nikẹ́ni má jókòó! Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Tí ò bá parí bẹ́ẹ̀, èmi Ẹkúndayọ̀, pẹ̀lú kóòtù yìí lọ́rùn, ni màá bu oúnjẹ fún gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan!”

Ó fi nọ́ńbà náà sínú ẹ̀rọ. Ó gbé ìka sókè kí gbogbo ènìyàn rí i. Ó tẹ̀ ẹ́.

Gbogbo ilé ṣẹ́jú. Ojú ẹ̀rọ dúdú. Wọ́n tún ṣẹ́jú.

“Ó ti ń parí,” Ẹkúndayọ̀ sọ.

Àpọ́sítélì gbàdúrà díẹ̀ láti fi dí àyè. Wọ́n kọ orin kan, wọ́n kọ ẹsẹ rẹ̀ gbogbo, títí dé èyí tí ẹnikẹ́ni kì í kọ. Ojú ẹ̀rọ dúdú. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun àwọn arúgbó, wọn ò lè jókòó torí wọ́n ti ní kẹ́nikẹ́ni má jókòó. Òórùn adìẹ díndín ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

“Èǹjìníà,” obìnrin iwájú pè é, “ṣé ó ti parí?”

“Ó kù díẹ̀.”

“Díẹ̀ lára òdo?”

Ẹ̀rín kan bọ́ níbì kan, wọ́n fi ọwọ́ bò ó. Ẹkúndayọ̀ gbá ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni tó ń jí ọmọ tó sùn sí ṣọ́ọ̀ṣì. Láńre ti ń ṣírò lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Dókítà, bó ṣe ń lọ yìí, ó di àárọ̀ ọ̀la.”

“Ẹkúndayọ̀!” Dókítà Mojọlá pariwo. “Ẹ ní òdo!”

“Òdo náà ni!” Òógùn ti rẹ táì rẹ̀. “Òdo ni, ó kàn gùn díẹ̀ ni!”

Ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Ẹni tó ń dì mọ́ ògiri ń dì mọ́ ògiri, ẹni tó ń nu omijé ń fi ẹ̀gbẹ́ sùtánà nù ún. Bàbá dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Mo mọ irú òdo yìí,” wọ́n ní. “Télọ̀ mi ní Ìlá ní i. ‘Ẹ máa lọ, Bàbá, ó ti parí, bọ́tìnnì nìkan ló kù.’ Ọdún àjíǹde ló ti sọ bẹ́ẹ̀, mo wọ aṣọ yẹn lọ́dún Kérésì.”

Àpọ́sítélì na ọwọ́ sí àwọn kúlà. “Èǹjìníà, ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu yín. A ò sì tíì jẹun.”

Kò síbi sá sí. Wọ́n so ápúrọ́ọ̀nù mọ́ ọn lórí kóòtù onípele mẹ́ta, wọ́n fún un ní ṣíbí ńlá. Ẹkúndayọ̀ tí kò bu omi mu rí nílé ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bu ìrẹsì fún ìjọ. Abọ́ kan. Ó dà á nù díẹ̀, ó ṣà á. Abọ́ kan. Adìẹ bọ́, ó bẹ̀rẹ̀ wá a. Àwọn ènìyàn ń tò wọlé ní mẹ́rin-mẹ́rin láti ìta níbi tí wọ́n ti lọ gba atẹ́gùn, ìlà gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó yí ilé ìwòsàn ká. Nígbà tí abọ́ fẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn arúgbó, Wùmí wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí tíréè. Ó gbé férémù òdo, ó to abọ́ sí i, ó gbé e lọ.

Bàbá náà tò sẹ́yìn, pẹ̀lú ẹ̀wù wọn tó ṣí sílẹ̀ láyà. Wọ́n kọ̀ kẹ́nikẹ́ni gbà wọ́n síwájú. Nígbà tí ó máa fi kàn wọ́n, Ẹkúndayọ̀ ti ń fi ṣíbí ha ìdí kúlà.

“Bàbá, ó… ó ti tán, sà.”

Bàbá wo kúlà, wọ́n wo ìlà tó ṣì ń bẹ lẹ́yìn wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà. Wọn kò rẹ́rìn-ín.

“Àna mi. Tó bá jẹ́ ọkàn mi ló tò sórí ìlà yìí ńkọ́?”

Ẹkúndayọ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ápúrọ́ọ̀nù.

“Wùmí,” Bàbá ní, “gbé okùn wá. Ètò Láńre ni kó ṣọ́ mi.”

Wùmí so ó mọ́ wọn láyà fúnra rẹ̀. Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́, ó yọ àwòrán ìgbéyàwó kúrò nínú dùrọ́ọ̀, ó gbé e padà sórí ìṣó rẹ̀. Ẹkúndayọ̀ rí i. Ó bọ́ kóòtù, ó lọ sùn.

Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹ ò mọ Ẹkúndayọ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ nílé ìwòsàn kí àwọn ènìyàn tó dé. Ó bá Bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú okùn láyà, Wùmí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Láńre àti Dókítà níwájú agogo. Ó wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀. Iṣẹ́ ti parí lóru, nọ́ńbà gbọọrọ kan sì wà níbẹ̀. Àmì kan wà níwájú nọ́ńbà náà. Àmì ìyọkúrò ni.

“Minus!” ó kígbe. “Ẹ wá wò ó! Minus ni! Ó dín sí òdo! Ó parí kó tó bẹ̀rẹ̀! Mo sọ fún yín, mo sọ fún yín!”

“Ẹ̀gbọ́n,” Láńre ní, “tó bá ti di òru gànjọ́, aago inú ẹ̀rọ yẹn á padà sí òdo, á tún bẹ̀rẹ̀ kíkà. Òru ló ká iṣẹ́ yín mọ́.”

Ẹkúndayọ̀ kò gbọ́. Ó ti ń wá bébà tí yóò tẹ̀ ẹ́ sí, ó ti ń bi Wùmí pé férémù dà. Nílé ìwé wa, òdo ni ẹni tó gbẹ̀yìn pátápátá ń gbà. Òun nìkan ló gba èyí tó rẹlẹ̀ ju òdo, tó sì ń wá férémù fún un.

“Àna mi,” Bàbá pè é jẹ́jẹ́. “Tó bá parí kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ló dé tí ebi sùn sí mi nínú lánàá?”

Ọ̀rọ̀ náà pa Bàbá fúnra wọn lẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ọkàn wọn fo ọ̀kan. Agogo Láńre ké gbàù kí àáyá tó ṣẹ́jú. Wùmí ti gbá àyà bàbá rẹ̀ mú, Dókítà ti dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Ẹ fi mí sílẹ̀,” Bàbá ní, wọ́n ń nu ojú. “Ẹ̀rín ni.”

Wùmí gbọ́ tí agogo náà ń dún, ó jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún ayọ̀. Ẹkúndayọ̀ ṣì ń wá férémù.